Wọ́n Ní Ẹ̀gbọ́n Fúnra Rẹ̀ Ló Yàn Án

Mo rántí ìgbà tí àyè ìgbọ́kọ̀sí ṣàdédé pọ̀ ní downtown Calgary, ìlú epo kan ní ìpínlẹ̀ Alberta, Canada. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí kò bá tètè jí kò lè rí ibi tó máa fi mọ́tò rẹ̀ sí láàárín àwọn ilé gogoro àwọn ilé-iṣẹ́ epo, bó tilẹ̀ ṣe tán láti sanwó. Nígbà tí epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, àyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ilà funfun tí wọ́n fà sórí ọ̀dà fi hàn síta bí egungun ìhà màlúù tí ọ̀dá pa. Bákan náà ni train òwúrọ̀: àwa tí a ti ń fọwọ́ kọ́ irin láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìjókòó. Inú mi dùn sí ìjókòó náà. Mo ń na ẹsẹ̀, mo ń ṣí ìwé kà, ó sì pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tó ni àga tí mo ń gbádùn wà nílé rẹ̀, ó ń wá iṣẹ́.

Ìwé tí mo ń kà nínú train náà, ìwé nípa òdodo ni. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì nílé, pàápàá ẹ̀ka rẹ̀ tó jẹ mọ́ ìṣèlú: kí ni òdodo, kí ni òmìnira, kí ni ìdọ́gba, àti ìdí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó fi ń bá ara wọn jà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ayébáyé. Ìmọ̀ náà kò fún mi ní iṣẹ́ ní Lagos, kò sì fún mi ní iṣẹ́ ní Calgary. Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló mú mi wọ ilé-iṣẹ́ epo kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwòrán àwọn páìpù epo sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ohun kan kì í fẹ́ kí ó lọ lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí pẹ́, bó pẹ́ bó yá, màá kọ́ ọ ní òdodo.

Àwa Yorùbá mẹ́ta ló wà ní ẹ̀ka wa. Ẹnjiníà àgbà kan wà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó ti ya àwòrán páìpù ní Warri kí ó tó wá yà á ní Alberta, tó sì ra ilé sí Mahogany, àdúgbò kan létí adágún omi, nígbà tí epo ṣì dùn. Obìnrin kan wà tó jẹ́ àbúrò fún àwa méjèèjì, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó ní ọmọ kan ní daycare. Èmi ni ẹ̀kẹta, láti àdúgbò New Brighton, wọ́n sì ń pè mí ní Prof. Mo rò nígbà náà pé oyè ni. Ẹ̀fẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń kóra jọ sí basement ẹ̀gbọ́n, èmi a sì gbé ìwé mi dání. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan sọ pé ohun tó bá mú inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn jù lọ ni òdodo, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ sunkún nídìí rẹ̀. Mo ní àwọn mìíràn ta ko èyí: wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà méjì bá fi ẹnu ara wọn gbà, láìsí ipá, láìsí èrú, òdodo ni, ibi yòówù kó já sí. Mo wá fi èyí tí mo fẹ́ràn jù parí rẹ̀. Àwọn ìyẹn ní kí àwọn tó bá fẹ́ ṣe òfin fún ìlú kọ́kọ́ rò ó pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn yóò jẹ́ nínú ìlú náà, bóyá olówó ni tàbí tálákà, bóyá abarapá ni tàbí olókùnrùn. Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò bọ́ sí kò ní gbẹ́ kòtò.

Àbúrò wa fara mọ́ ti òmìnira. Ó ní, “Bọ̀dá Prof, abeg. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà visa rí ló mọ iyì freedom. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìka ọwọ́ pàápàá kò dọ́gba.”

“Ìka kò dọ́gba,” ni mo dá a lóhùn, “ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn fi ń jẹun.” Mo gbádùn ìdáhùn mi débi pé mo tún un sọ.

Ẹ̀gbọ́n kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú àríyànjiyàn wa. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó ní, “Prof, nílé bàbá wa, àbíkẹ́yìn ló ń pín ẹran, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó ń gé e kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ yà, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù ni tirẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí ìwé rẹ ń wí nìyẹn?”

Mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ìyẹn jọ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ni, kì í ṣe tíọ́rì. Orí àtẹ̀gùn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ké sí wa: “Ẹ̀yin onímọ̀! Nínú gbogbo tíọ́rì yẹn, èwo ló máa ko snow ẹnu ọ̀nà?”

“Ti òmìnira ni, màmá,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Snow náà lómìnira láti wà níbẹ̀.”

“Ó dáa. Oúnjẹ náà lómìnira láti wà nínú ìkòkò.” A dìde, a lọ ko snow.

Òtútù ọdún náà ni ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀ka wa. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń wakọ̀ wá láti ìlú Cochrane, pè wá jọ sínú yàrá ìpàdé. N kò ní parọ́ mọ́ ọn: kì í ṣe òǹrorò. Ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kéèkì fún ọjọ́ ìbí wa. Ó ní àṣẹ ti wá láti òkè pé kí ẹnìkan kúrò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ní fairness nínú, nítorí náà kí òun tó yan ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ gbọ́ tẹnu wa.

Àwọn òyìnbó tó wà láàárín wa ń wo tábìlì. Àwa Yorùbá ń wo ẹ̀gbọ́n, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹnu àgbà la ń wò. Òun náà mọ̀ pé òun là ń wò. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé sọ pé bó bá di dandan, kí wọ́n fi òun ṣe é, nítorí àwọn tó kù ṣì ní ọmọ kékeré.

“Ká má rí i, sir!” ni àbúrò wa fi Yorùbá ké láti ibi tó jókòó. “Kò ní rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n.” Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí àga. Ọ̀gá wa gbé ọwọ́ lé àyà, omi lé sí i lójú. Ó ní, “Thank you. That is incredibly generous.” Ó sì tú ìpàdé ká.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àgbà bá ní kí a fi òun sílẹ̀, kí a fún àwọn ọmọdé, ẹ̀bùn ni ọ̀rọ̀ náà, a kì í sì í gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọlúàbí ni láti kọ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́, kí ó tún bẹ̀ ẹ́. Inú ẹ̀bẹ̀ náà ni ohun tó wà lọ́kàn àgbà yóò ti jáde. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ẹ̀gbọ́n sọ àbọ̀. Ọ̀gá wa gbé àbọ̀ náà, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó pè é ní odindi.

Àwa kò mọ̀. A lọ jẹun ọ̀sán, mo tilẹ̀ ń yìn ín: “Ẹ ṣe é bí àgbà, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹnu lásán ni,” ó wí, ó ń bu ìrẹsì sẹ́nu. “Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbà á?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, káàdì ẹ̀gbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn. Iná pupa ń tàn sí i lójú, ó ń nu káàdì náà mọ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó tún ń gbìyànjú, títí ẹ̀ṣọ́ fi wá sọ fún un pé àwọn HR ń dúró dè é nísàlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó fi ẹnu sọ, wọ́n sì ti fi sínú àkọsílẹ̀ ìjọba pé ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbé Canada mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n dá dúró yóò gba EI, ìyẹn ìrànwọ́ ìjọba tí ènìyàn fi ń jẹun títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ kò ní gba nǹkan kan. Gbèsè ilé Mahogany sì wà níbẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ra ilé ní Calgary.

Mo lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó gbọ́ mi pẹ̀lú sùúrù, ó sì dáhùn ní èdè rẹ̀, èmi ni mo ń tú u: “Kò sí ẹni tó fipá mú un. Òun ló yàn án. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ṣé kì í ṣe òmìnira rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Mo ní, “Ṣé ẹ tún bi í?”

“Kí n bi í ní kí ni?”

“Bóyá ohun tó wí gan-an ló fẹ́.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Àgbàlagbà ni,” ó wí. “Kí ló dé tí màá fi bi àgbàlagbà lẹ́ẹ̀mejì?” Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n wo gbogbo àwọn tó kù, pé ẹnìkan ló lọ kí àwọn yòókù lè dúró, èmi náà sì wà lára wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tíọ́rì mi ti gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Ti òmìnira jókòó lórí àga ọ̀gá. Ti ayọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró tì í, ó ń mi orí. Ẹ̀kẹta nìkan, èyí tí mo fẹ́ràn, ni kò rí àyè wọlé, nítorí kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó ṣe òfin náà tí kò mọ ibi tí òun jókòó sí. Àwọn tó wà lókè pátápátá, tí wọ́n ní kí ẹnìkan kúrò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kò ka àjà tiwọn mọ́ ẹ̀ka. Àwọn ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, àwọn ló gé e, àwọn ló kọ́kọ́ mú, wọ́n wá yíjú sí àwa tó wà nísàlẹ̀ pé kí á jẹ́ ọ̀làwọ́ fún ara wa. Àṣà tí mo fi rẹ́rìn-ín ní basement kò jẹ́ gba irú ìpín bẹ́ẹ̀ láyè láé.

Ọ̀nà kan ṣì kù. Ẹ̀gbọ́n lè pe ọ́fíìsì EI, kí ó sọ fún wọn pé òun kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. A lọ bá a ní Mahogany. Adágún omi ibẹ̀ ti dì, àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin sáré lórí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń wò wọ́n.

“Kí n lọ sọ fún ìjọba pé ohun tí mo fẹnu ara mi sọ kò sí lọ́kàn mi?” ó wí. “Ní ọjọ́ orí mi? Ẹyin lọ̀rọ̀ o.”

“Ẹyin wo?” ni ìyàwó rẹ̀ jálu ọ̀rọ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. “Ẹyin tẹ́ ẹ yé fún wọn, wọ́n ti dín in jẹ! Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ ṣe àgbà níbi tí wọn ò ti mọ àgbà?”

“Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn…”

“Ẹ ò tí ì fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ti ń ro ẹ̀yìn!”

Ọmọbìnrin wọn, tó ṣì wà ní high school, gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀. “Daddy, did you want to quit or not?”

Ẹ̀gbọ́n yíjú kúrò lójú fèrèsé, ó kọjú sí i. “Rárá,” ó wí.

“Then just say that.”

“Kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ọmọ mi.” Ó sì tún kọjú sí adágún.

Bí a ti ń padà lọ lórí títì Stoney Trail, àbúrò wa ló ń wakọ̀. Lójijì ó ní, “Bọ̀dá, àwa la máa sọ ọ́. Kò ní kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Àwa la wà níbẹ̀, àwa la máa túmọ̀ rẹ̀.”

Mo ní, “Bí ilé-iṣẹ́ bá gbọ́ ńkọ́? Ìwọ lo ní ọmọ ní daycare.”

“Wọ́n á gbọ́ náà. Ṣebí èmi ni mo ní ohun tí èèyàn méjì bá gbà láìsí ipá, òdodo ni? Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀ pé òun ń tà á, ṣé ọjà nìyẹn, Prof?”

Ẹ̀gbọ́n gbà pé kí a ṣe é, bí kò bá ti jẹ́ pé òun ni yóò sọ̀rọ̀ náà. Ó pe ọ́fíìsì náà, ó fún wọn ní nọ́ńbà wa gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n pè, inú mọ́tò àbúrò wa la wà ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tó ṣófo yí wa ká. Ohùn obìnrin ni, ó rẹlẹ̀, kò kánjú. Ó bi wá ní ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, a sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó bi wá bóyá ó dà bí ẹni tí wọ́n fipá mú. A ní rárá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ síbi tí kò yẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín òmìnira àti ohun tó fara jọ òmìnira. Àbúrò wa fọwọ́ bo ẹnu mi.

Obìnrin náà wá béèrè pé: ní ọ̀dọ̀ tiyín, bí ẹnìkan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí ló yẹ kí ẹni tó gbọ́ ọ ṣe?

“You refuse,” ni àbúrò wa wí. “You refuse, and you beg him. Then you hear what he really wants.”

Ó tún béèrè: “And nobody asked him again?”

“No, ma. Nobody asked him again.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ́fíìsì ìjọba dájọ́ pé ẹ̀gbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé wọ́n dá a dúró ni. EI rẹ̀ wọlé, ilé Mahogany kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tí kò sì rí ojú wa, gbọ́ odindi nínú àbọ̀. N kò lè gbàgbé ohùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò yí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ padà. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí ìgbì kejì ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ dé, èmi àti àbúrò wa bá a lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé láti gbọ́ tẹnu wa. Àyè ìgbọ́kọ̀sí tún ṣí sí i ní downtown.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Epo ti gòkè, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó tún ti gòkè. Ẹ̀gbọ́n rí iṣẹ́ sí Cochrane, níbi tí ìlú ti ń gbilẹ̀. Páìpù ló ṣì ń yà, ṣùgbọ́n omi ló ń ṣàn nínú rẹ̀ báyìí. Àbúrò wa ń bá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́, ó ṣì ń jà fún òmìnira ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Èmi ṣì ń ka ìwé mi, mo ṣì gbà pé ó dára kí ẹni tó ń ṣe òfin má mọ ibi tí òun yóò jókòó sí. Mo kàn ti fi ohun kékeré kan kún un tí n kò rí kà níbẹ̀: kí a tún béèrè. Ẹni tó bá ní agbára lórí ẹlòmíràn, tó sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà rọ òun lọ́rùn, kò bọ̀wọ̀ fún òmìnira ẹnikẹ́ni. Mo sì kọ èyí kí ó lè wà ní gbangba, bí òtítọ́ tilẹ̀ dọ́jà tó kùtà: ẹ̀gbọ́n wa kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó yọ̀ǹda rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a tún wà nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ se ẹja tútù, ó sì na orí ẹja náà sí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi orí. “Rárá, ẹ fún àwọn ọmọ.” Gbogbo wa mọ bó ṣe fẹ́ràn orí ẹja tó. Mo ti fẹ́ la ẹnu, àbúrò wa náà ti fẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ ti ṣáájú wa. Ó ti di obìnrin, ó ń ṣiṣẹ́ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí eékún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́,” ó wí. “Ẹ gbà á, sir.”

“Rárá, ọmọ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sir. Ẹ gbà á.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó na abọ́ rẹ̀ síwájú.